Ọ̀nà Ìdájí sí Kẹ̀kẹ́ Gíga

Inú bárò ni Bánjí ti kọ́kọ́ rí Aishat, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti bárò náà ni kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bodè ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n tún pàṣẹ pé kí epo bẹntiróò má dé ilé epo kankan tó sún mọ́ bodè mọ́. Ihunbo wá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Bánjí jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní oríta, bọ́ọ̀sì tó ti ń ná Ihunbo, Òwódé àti Ìlaro láti ọdún mẹ́fà, tí kò sì kúrò lójú kan láti ọjọ́ mẹ́rin.

Obìnrin náà gba ojú títì bọ̀. Ó ga, ó dúdú, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, eruku sì ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Nínú bárò tó ń tì, lórí ìrọ̀rí méjì, ọmọbìnrin kan ká ẹsẹ̀ jọ, ó ṣí agbòòrùn lé ara rẹ̀ lórí bí ìyàwó ọba.

"Dírẹ́bà, ẹ rọra o. Kòtò wà níwájú."

"Tí o bá tún pè mí ní dírẹ́bà, màá dà ọ́ sínú rẹ̀."

Bánjí rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọmọbìnrin náà ń fi eyín mú ètè rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, àti pé òógùn tó bo ojú rẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn.

"Ibo lẹ ń lọ?" ó bi wọ́n.

"Ìlaro. Ọsibítù."

"Pẹ̀lú bárò?"

Obìnrin náà dúró, ó nu ojú. "Ṣé ẹ ní ọkọ̀ òfurufú tí ẹ fẹ́ yá wa ni?"

Lítà mẹ́rin ló kù nínú táńkì bọ́ọ̀sì. Bánjí ti ń ṣọ́ ọ, ó ní ọjọ́ tí nǹkan bá le jù ni òun yóò lò ó. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, níbi tí irin bárò ti bó o, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ló dé yìí.

"Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ gbé bárò náà wọlé pẹ̀lú. Òun ni yóò ṣe kọndọ́."

Ẹnu géètì ọsibítù ní Ìlaro ni epo tán sí. Ọkọ̀ náà kú síbẹ̀, Bánjí sì bẹ ọlọ́kọ̀ kan kó gbé òun délé.

Mẹ̀dínátù ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan. Ọmọ mẹ́rìnlá péré ló ṣẹ́kù sí kíláàsì rẹ̀, nítorí àwọn òbí tó ń ti ara bodè jẹun ti ń kó kúrò ní ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aishat ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀jẹ̀ SS ni wọ́n bí mọ́ ọn. Òtútù lè dá a dùbúlẹ̀, oòrùn lè dá a dùbúlẹ̀, ìdúró pípẹ́ náà lè dá a dùbúlẹ̀. Ohun tí nǹkan kan kò tíì dá dúró rí lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà tí Aishat fi wà ní ọsibítù, Bánjí yá kẹ̀kẹ́ ológeere, ó gùn ún lọ sí Ìlaro lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, Mẹ̀dínátù bu omi fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Ẹsẹ̀ yín á ti wú," ó ní.

"Kò wú. Ó kàn ń bi mí pé kí ni mò ń wá kiri ni."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kó máa wa kẹ̀kẹ́ lọ."

Mẹ̀dínátù yíjú sí ògiri kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Bánjí rí i.

Ìyá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Ìrẹsì tó ń ti òdìkejì bodè wá ni Màmá ti tà fún ogún ọdún. Yàrá tó ń kó o sí ti ṣófo báyìí, eku pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Ó ti sin ọkọ. Ó ti sin ọmọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti Aishat. "Awakọ̀ tí kò lépo," ni yóò sọ tí Bánjí bá kí i tán, kì í sì í fi nǹkan kan kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, Aishat na fóònù sí Bánjí. Àwòrán ọgbà ìṣeré kan ni, létí òkun ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ gíga kan dúró sí àárín rẹ̀, ó ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ, àwọn àga kéékèèké so rọ̀ mọ́ ọn yípo, àwọn ènìyàn sì jókòó sínú wọn ní méjì méjì. Láti ọjọ́ Kérésìmesì dé ọjọ́ kejì oṣù kìíní nìkan ni wọ́n máa ń tan án lọ́dún.

"Bọ̀dá Bánjí, téèyàn bá dé òkè téńté yẹn, ṣé á rí Ihunbo?"

"Kedere. Á rí bárò yín pàápàá."

"Òpùrọ́ ni yín." Ṣùgbọ́n ó tún wo àwòrán náà. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń wo ayé. Mo fẹ́ wò ó láti òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Màmá ní rárá. Ó sì ní ìdí. Lásìkò ọdún, ìlà tí wọ́n ń tò nídìí kẹ̀kẹ́ náà máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú oòrùn. Aishat kò lè dúró fún ìdajì wákàtí.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kì í tò," Bánjí sọ.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó lé e lórí, Aishat sì ń kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ogójì kan. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣí géètì. Àwọn tó gbọ́n máa ń dé ní aago mẹ́jọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dé ní aago méje ààbọ̀. Tí ọkọ̀ bá kọjá Ọ̀tà lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni yóò gbà á lálejò, nítorí náà aago mẹ́rin ìdájí ni wọn yóò kúrò nílé. Tí géètì bá ṣí, Bánjí yóò gba ọwọ́ ọ̀tún, kò ní yà síbi kankan, yóò sáré lọ dúró nídìí kẹ̀kẹ́ náà. Mẹ̀dínátù yóò mú Aishat bọ̀ jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ilé yá, kí oòrùn tó mú.

"Àga ńkọ́?" Mẹ̀dínátù béèrè. "Ta ló ń bá ta jókòó?"

"Mo ti kọ ìyẹn," Aishat ní, ó sì kà á sókè. "Àga kìíní: èmi àti Màmá, tí Màmá bá gbà. Àga kejì: Ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹni tó ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ìkòkò."

"Aishat!"

"Mo ti fi bírò kọ ọ́. Kò ṣeé pa rẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mẹ̀dínátù sin Bánjí dé ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ wọn ń kanra, kò sì sí èyí tó fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Bánjí," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ náà láìfi bọ̀dá sí i. "Kò sẹ́ni tó bá wa ṣètò ohunkóhun rí àyàfi bí a ó ṣe dé ọsibítù. Tí o bá gbé ọmọ yìí dé orí kẹ̀kẹ́ yẹn, èmi fúnra mi ni màá wí fún Màmá pé ìwọ ni mo fẹ́."

"Tí kẹ̀kẹ́ náà bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kí o gun irin rẹ̀ bí ọ̀bọ, kí o sì gbé e pọ̀n. Olówó orí mi kò gbọdọ̀ ya ọ̀lẹ."

Bánjí fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé kó tó rántí pé òun gun kẹ̀kẹ́ ológeere wá.

Ó múra ọjọ́ náà tọkàntọkàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi okùn fa bọ́ọ̀sì náà láti Ìlaro dé Àtàn, níbi tí epo ṣì wà. Ó rọ epo kún táńkì, ó tún rọ kẹ́ẹ̀gì kan fún ìpadàbọ̀, ó sì rọra wakọ̀ délé lọ́sàn-án láàárín àwọn èrò àti ẹrù wọn. Lẹ́yìn náà ló yọ gbogbo àga ẹ̀yìn, ó tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ kí Aishat lè na ara. Ó fi aṣọ dúdú bo àwọn gíláàsì nítorí ọyẹ́. Ó ki kẹ́ẹ̀gì náà bọ abẹ́ ìjókòó iwájú.

Ọmọ bodè ni Bánjí. Ó yẹ kó mọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ àga rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, tí epo kún inú rẹ̀, tó kúrò ní Ihunbo ní aago mẹ́rin ìdájí: kò sí ọmọdé kan lágbègbè náà tí kò mọ̀ pé fàyàwọ́ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n Aishat ni Bánjí ń rò nígbà tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò bọ́ síta wo ọkọ̀ náà bí ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ṣe máa wò ó.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, Màmá jí sìn wọ́n. Òun kò lọ. Ó ní ojú òun kò lè gbà kí òun rí ọmọ òun lókè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́ súwẹ́tà ọrùn ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Aishat, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dókè. "Kí o dá a padà fún mi," ó ní.

Káàdì ọsibítù Aishat wà lórí tábìlì. Mẹ̀dínátù mú un dání. Aishat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Lónìí nìkan, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn bá wa lọ."

Mẹ̀dínátù wo ojú rẹ̀. Ó fi káàdì náà sábẹ́ rédíò, ó sì tì í wọlé dáadáa.

Àjílété ni iná tọ́ọ̀ṣì ti dá wọn dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà mẹ́rin ni. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan.

"Ìrẹsì dà?" ọ̀kan bi Bánjí.

"Kò sí ìrẹsì, ọ̀gá. Aláìsàn ni mo gbé."

"Ṣé ìwọ ni Ìlaro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí o ń gbé aláìsàn lọ sí Èkó?"

"Kì í ṣe ọsibítù là ń lọ. Ọgbà ìṣeré ni."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde.

"Ọgbà ìṣeré! Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí! Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀pọ̀ ìtàn ni mo ti gbọ́ lójú ọ̀nà yìí, mi ò tíì gbọ́ eléyìí. Ó dáa. Káàdì ọsibítù rẹ̀ dà?"

Bánjí bojú wẹ̀yìn. Mẹ̀dínátù kò lè wò ó.

Wọ́n ní kí Aishat dìde. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya mátírẹ́ẹ̀sì náà láti orí dé ìsàlẹ̀, fóòmù funfun sì ń fò kiri nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò rí ìrẹsì. Kẹ́ẹ̀gì epo ni wọ́n rí. Ìyẹn sì tó. Wọ́n ní aago mẹ́jọ ni ọ̀gá àwọn ń dé, òun nìkan ló lè dá wọn sílẹ̀, kí gbogbo wọn bọ́ síta.

Orí búlọ́ọ̀kù ni Aishat jókòó sí, nínú ọyẹ́. Bánjí bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé e lẹ́sẹ̀. Mẹ̀dínátù gbé e mọ́ àyà. Aishat na ìwé rẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, dé ibi ọ̀rọ̀ àga kejì. Nígbà tó dá a padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ mú aṣọ òjò ara rẹ̀ wá, ó fi bò ó. "Ọ̀gá ló lè dá yín sílẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀, Aishat wo aago ọwọ́ Bánjí. "A ti ń kọjá Ọ̀tà báyìí," ó ní.

Ní aago mẹ́fà kọjá, ilẹ̀ mọ́. "A ti wọ Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jí. Ẹ wo ilé gíga."

Ní aago méje ààbọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "A ti dé géètì. Àwa la kọ́kọ́ dé. Bọ̀dá Bánjí, ọwọ́ ọ̀tún o."

"Ọwọ́ ọ̀tún," Bánjí dá a lóhùn. Omi ojú ń wọ ẹnu rẹ̀.

Ní aago mẹ́jọ, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀gá wọn dé ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bánjí yí orí ọkọ̀ sí Ìlaro.

Nígbà tí Màmá dé ọsibítù, kò pariwo. Ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan péré. "Wọ́n ní wọ́n béèrè káàdì. Ta ló fi káàdì ọmọ mi sílẹ̀?"

Mẹ̀dínátù la ẹnu.

"Èmi ni," Bánjí sọ. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Màmá yíjú sí i. "Má dé ilé mi mọ́."

Mẹ̀dínátù pa ẹnu rẹ̀ dé. Bánjí rí bó ṣe pa á dé. Kò bínú sí i. Ó kàn rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Aishat kúrò ní ọsibítù lọ́jọ́ kẹfà oṣù kìíní, ṣùgbọ́n kò padà sípò. Ó kú lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 2020, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Òdìkejì ọ̀nà ni Bánjí dúró sí, kò sẹ́ni tó pè é súnmọ́. Mẹ̀dínátù gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó rí i, ó sì tún wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kòrónà dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ọ̀nà. Bánjí gbé bọ́ọ̀sì náà lọ sí Igbogila, ó wà á wọ abẹ́ àtíbàbà kan nínú oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì gbé ọkọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Mẹ̀dínátù tẹ̀ ẹ́ láago lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì. Ìgbà méjèèjì ló jẹ́ pé èémí rẹ̀ nìkan ni Bánjí ń gbọ́. Kò já fóònù náà. Ó ń gbọ́ ọ títí yóò fi dákẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó gbójú sókè láàárín ebè, ó rí Màmá tó dúró sí bèbè oko. Ó ti gbó gan-an. Ìwé eléwé ogójì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bánjí dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Kí ló dé tí o purọ́ fún mi?" Màmá béèrè.

Kò bi í léèrè irọ́ wo. "Ọmọ kan ló ń bọ́ lọ lọ́wọ́ yín, Màmá. Mi ò fẹ́ kí ẹ ti èkejì dànù."

Màmá jókòó sórí ebè. "Àwọn kan wá tọrọ Mẹ̀dínátù. Mo ní kó gbà, mo ní ẹni yìí kò pa ọmọ mi. Ó bá bú sẹ́kún. Ó ní tó bá jẹ́ ti káàdì ni, òun ni kí n lé jáde." Ó ń yí ìwé náà lọ́wọ́. "Kò sẹ́ni tó pa á. Ẹ̀jẹ̀ tí èmi àti bàbá rẹ̀ fún un ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi sọ rárá fún Aishat. Ìwọ nìkan lo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe."

Ẹyẹ kan ń ké nínú igbó. Bánjí dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Ọkọ̀ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Dá àga rẹ̀ padà."

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni wọ́n lọ. Bodè ṣì wà ní títì. Aago mẹ́jọ ni wọ́n kúrò ní Ihunbo, tí oòrùn ti yọ dáadáa. Àga pé, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mẹ̀dínátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Bánjí dé.

"O ti rù," ó ní.

"Ìwọ náà."

Ní Àjílété, àwọn ẹ̀ṣọ́ juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gbà wọ́n ní Ọ̀tà. Ọ̀sán ti lọ kí wọ́n tó dé ọgbà náà. Ìlà náà gùn, ó wé bí ejò. Wọ́n dúró nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn ń ta wọ́n lórí, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ráhùn.

"Mo jẹ́ kí o ru ẹrù mi fún ọdún méjì," Mẹ̀dínátù sọ, kò wo ojú rẹ̀.

"Kò wúwo."

"Òpùrọ́ ni ọ́."

Ó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí Aishat ṣe máa ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Ó wá di ọwọ́ Bánjí mú níwájú ìyá rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tó kàn wọ́n, Màmá wọ àga kìíní. Ẹni tó ń darí èrò fẹ́ fi obìnrin kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ènìyàn wà níbẹ̀," Màmá ní. Ó ká súwẹ́tà rẹ̀ sórí ìjókòó náà, ó gbé ìwé náà lé e, ó sì fi ọwọ́ dì í mú.

Mẹ̀dínátù àti Bánjí wọ àga kejì. Kẹ̀kẹ́ náà gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè téńté, ó dúró. Omi òkun wà lápá kan. Lápá kejì, òrùlé páànù ni, òrùlé ni, títí dé ibi tí ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan.

"Ihunbo dà?" Mẹ̀dínátù béèrè.

Bánjí na ìka sínú ọyẹ́ náà. "Ọ̀hún nìyẹn."

Mẹ̀dínátù wo ibi tó na ìka sí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Mo rí i," ó ní. "Mo rí bárò wa."

Àga wọn mì. Ní iwájú, nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí orí Màmá tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i létí. Kẹ̀kẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá rí Màmá," Mẹ̀dínátù sọ. "Kí wọ́n wá lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ayé rí wọn."